Bó Ṣe Wà Ni Mo Ṣe Tà Á



Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ van àlòkù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Plano níbí fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn kan ń fi kó ẹrù oníbàárà, àwọn kan ń fi gbé kúlà oúnjẹ lọ sí òde ìnáwó, àwọn mìíràn ń fi gbé àwọn àgbàlagbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkọ̀ tuntun wọ́n, nítorí náà ọwọ́ ara wa la ti sábà máa ń rà á. Ìbéèrè wa nìyí: bí ará kan bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún ará kan, èwo nínú àrùn ọkọ̀ náà ló di dandan kí ó sọ?

Lójú òfin, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Láti ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ ti pa á láṣẹ fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù pé kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ fèrèsé ọkọ̀, tí yóò sọ bóyá wọ́n ṣe ìlérí àtúnṣe fún ẹni tó rà á, tàbí bóyá “as is” ni wọ́n tà á, ìyẹn ni pé bó ṣe wà ni kí o gbé e. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀ níwájú ilé kò sí lábẹ́ òfin ìwé yẹn. Àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún náà ti kúrò: láti ọjọ́ 1 oṣù January, 2025 ni ìpínlẹ̀ Texas ti fòpin sí i fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ìṣòwò. Ní Collin County wọ́n ṣì ń yẹ èéfín wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo èéfín kò wo bíréèkì.

Àwọn kan láàárín wa sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rà á lójú, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì ti sanwó, ó ti gbà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó rí van tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, tí kò bèèrè ìdí, òun ló di ojú ara rẹ̀. Bí àjèjì bá sì sọ fún àjèjì pé “bó ṣe wà”, ìkìlọ̀ lọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń ṣe é láàárín ara wa? “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ yìí kò ní wàhálà. Ṣé èmi ni màá ta ọkọ̀ burúkú fún yín?” Lẹ́yìn èyí, ta ló máa lójú láti pe mẹkáníìkì wá? Yóò dà bí ẹni pé a pe ará wa ní òpùrọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ti gba ipò àyẹ̀wò. Ẹni tó ti fi ìgbẹ́kẹ̀lé ta ọjà, tó wá ń na ìwé “bó ṣe wà” síni nígbà tí jíà kọ̀ láti wọlé, ibi méjì ló ti jẹun.

Òfin àtijọ́ kan wà nínú Ẹ́kísódù orí 21. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa, tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ̀bi kò sí lórí ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ pé ó ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín, tí kò dè é, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Màlúù kan náà, ìwo kan náà. Ohun tí ẹni tó ni ín mọ̀ ló yí ẹjọ́ padà. Van náà rí bẹ́ẹ̀. Bíréèkì tó dédé kọṣẹ́, a kò lè dá ẹni tó tà á lẹ́bi. Bíréèkì tí mẹkáníìkì ti ní kí ó pààrọ̀, tó wá dákẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ tún ronú kan àwọn tí kò sí nídìí ọjà náà rárá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù February, 2021, òjò dì sí yìnyín lórí I-35W ní Fort Worth, ọkọ̀ tó lé ní 130 kọlu ara wọn, ènìyàn mẹ́fà sì kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lọ́nà ló ń lọ síbi iṣẹ́. Yìnyín ló fa ìyẹn, a kò sọ pé ọkọ̀ àlòkù ni. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa jọ ń tọ̀, afárá ló sì máa ń kọ́kọ́ dì. Ẹni tó wà níwájú van yín lórí afárá kò fọwọ́ sí ìwé “bó ṣe wà” kankan. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn náà kò fọwọ́ sí i.

A mọ̀ pé òtítọ́ ń náni lówó. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé jíà kò dára lè pàdánù $1,500, owó ilé oṣù kan sì lè nìyẹn. Kí ó dín owó rẹ̀ kù náà ni, tàbí kí ó tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Àwọn kan á ní kí a kúkú fi ránṣẹ́ sí Cotonou tàbí Èkó, gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ní Òṣòdì náà lẹ́mìí!

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tà sọ láìjẹ́ pé a bi í kò pọ̀: ìjàǹbá tí ọkọ̀ ti ní, omi tó bá ti wọ inú rẹ̀ (ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lomi bò ní Houston nígbà ìjì Harvey ní 2017), àti ohun tí mẹkáníìkì sọ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ìlú oníyìnyín bíi Ṣíkágò ló ti wá, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbẹ̀ máa ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Kí ẹni tó ń rà náà wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ní ọdún 2018. Èyí ṣe pàtàkì fún van oníjókòó 15, tí ìjọba ti ń kìlọ̀ láti 2001 pé ó máa ń yára dojú dé bí èrò bá kún inú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà VIN rẹ̀ sílẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni, kí ẹ fi wò lọ́dọ̀ NHTSA bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí.

Ẹni tó ń tà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu, kí ojú má bàa ti ẹni tó ń rà: “Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tiyín, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ tèmi.”