Ìmọ̀ Tí Kò Bá Olówó Rẹ̀ Wọ Sàréè

Tí ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí màlúù bá kú, kí ni ó yẹ kí á fi rántí rẹ̀: ohun tó kó jọ ni, tàbí ohun tó fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí á wo Stephen Babcock, ọmọ àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1843, tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin. Ní 1890, ó gbé ọ̀nà ìrọ̀rùn kan jáde láti fi wọn ọ̀rá inú wàrà. Ẹni tó ń bomi lu wàrà kò rí ibi sá sí mọ́. Àgbẹ̀ olóòótọ́ sì ń gba owó tó tọ́ sí i. Òdodo nínú ìwọ̀n tí Suratul-Mutaffifin ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Babcock ìbá ti fi ọ̀nà náà di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ.

Bákan náà, nígbà tí ìṣirò àwọn onímọ̀ sọ pé oúnjẹ ẹran kan kò yàtọ̀ sí òmíràn, ó ní àwọn màlúù fúnra wọn ló yẹ kí á wò. Láti 1907 sí 1911, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ abo màlúù 16 ní ọ̀wọ́ mẹ́rin. Àwọn tó jẹ àgbàdo bí ọmọ tó lágbára. Ọmọ àwọn tó jẹ àlìkámà kò lókun, òmíràn sì kú. Ìwádìí yìí wà lára ohun tó ṣínà fún ìmọ̀ fítámì.

Babcock kú ní 1931. Ìdájọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ti Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n àwa tí Ànábì (S.A.W.) kọ́ pé ẹ̀san ìmọ̀ tó wúlò kì í já lẹ́yìn ikú, kí ni à ń fi ìmọ̀ tiwa ṣe? Ẹran kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́, síbẹ̀ a óò jíhìn lórí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ wa ṣe ẹ̀dá Rẹ̀ láǹfààní. Àmín.