Àbá Kì í Ṣe Ìmọ̀: Ẹ̀kọ́ láti Ara Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta. Bí a bá fi òwe yìí wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe láàárín ara wa, a ó rí i pé kì í ṣe ikán nìkan ni ó ń dá àbá. Ọmọ ènìyàn pàápàá a máa dá a, a sì máa gba owó lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: bí ẹni tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ bá dá àbá, tí àbá náà sì ṣe kòńgẹ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó mọ ohun tí ó ṣe? Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi ohunkóhun, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ti yọrí sí rere? Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo fẹ́ kí á ti wá ìdáhùn.

Ọkọ̀ méjì kan wà tí àwọn ará Òṣogbo àti Iléṣà kò lè gbàgbé. Èkíní ni Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975; èkejì ni Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà. Àwọn kan ṣì ń tọ́jú wọn títí di òní nítorí ìfẹ́. Bákan náà ni ó rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kẹ́ ọkọ̀ alágbára àtijọ́ bí ọmọ tuntun: Ford Mustang tí ó jáde ní oṣù kẹrin 1964, tàbí Pontiac GTO ti ọdún náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ. Ohun kan ni ó pa gbogbo wọn pọ̀: wọn kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò ka àìsàn wọn sí ẹnikẹ́ni létí. Bí ara wọn kò bá yá, ojú, etí, imú àti ọwọ́ ni a ó fi wádìí.

Ìwádìí náà kò sì rọrùn. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ epo bẹtiróòlù ń béèrè: epo tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́, ìfúnpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ yìí nínú sìlíńdà, àti iná tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣẹ́ ní àkókò gan-an tí ó yẹ. Bí ọ̀kan bá yingin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ̀ yóò máa jẹ́ẹ̀kì, yóò sì kọ òkè. Ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo yìí lè ní òbí mẹ́fà. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí dí ojú ihò kékeré inú kabúrétọ̀. Ó lè jẹ́ pé pọ́ìntì ti jẹ, pé wáyà púlọ́ọ̀gì ti sán, tàbí pé fáàfù kan kò pa dé mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn ni ó pààrọ̀ ipò wáyà méjì. Ní Peugeot 504, sìlíńdà a máa gba iná ní ẹsẹẹsẹ 1-3-4-2. Ní ẹ́ńjìnnì 289 ti Mustang, ẹsẹẹsẹ náà ni 1-5-4-2-6-3-7-8. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan fi sí ipò èkejì yóò mú kí ẹ́ńjìnnì tí ó lera máa hùwà bí aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ìró kan, tí ó sì dá kabúrétọ̀ lẹ́bi lẹ́sẹ̀ kan náà, ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. A sì mọ orúkọ tí àwọn àgbà sọ irú onídàájọ́ bẹ́ẹ̀: àgbà òṣìkà ni.

Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bi olówó ọkọ̀ léèrè: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni, àbí nígbà tí ó gbóná? Ta ni ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Lẹ́yìn èyí ni yóò wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ń tọ́ka sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Yóò tú púlọ́ọ̀gì, yóò sì wo ẹnu wọn. Yóò fi ọgbọ́n yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀, sìlíńdà náà kò ya ọ̀lẹ, bí ìró kò bá yí padà, ọ̀lẹ nìyẹn. Pàtàkì jù lọ, kò ní pààrọ̀ ohun méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà di pé kò mọ èyí tí ó mú ìwòsàn wá. Ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí Òṣogbo ìlú aró. Aláró tí ó gbọ́ṣẹ́ kì í kàn ri aṣọ sínú ìkòkò. A máa tọ́ omi eérú wò, a sì máa wo àwọ̀ aró rẹ̀, kí ó tó fi aṣọ oníbàárà dán an wò.

Èdè wa ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ tipẹ́. Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò. Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá kì í fi 'mọ̀' ṣeré. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, ni mo mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí mo sì tẹ́wọ́ gbà, mo gbà á gbọ́ ni. Afárá tí ó sì so méjèèjì pọ̀ ni ìdánwò. Ẹjọ́ tí olówó ọkọ̀ rò jẹ́ ohun tí a gbọ́. Wáyà tí a yọ tí ìró kò sì yí padà jẹ́ ohun tí a rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wo mẹkáníìkì kejì. Ọkọ̀ ń jẹ́ẹ̀kì; ó ní kabúrétọ̀ ni. Wọ́n ra tòkúnbọ̀, kò san. Ó ní kọ́ìlì ni. Wọ́n rà á, kò san. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti pọ́ìntì lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì jí. Inú olówó ọkọ̀ dùn, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bóyá wáyà kan tí kò wọlé dáadáa ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọlé nígbà tí ó ń fi púlọ́ọ̀gì sí i; kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọkùnrin yìí kò jí owó, kò sì purọ́ tí a lè mú un sí. Síbẹ̀ ó jẹ̀bi, nítorí pé ó ta àbá ní iye owó ìmọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró tì í ti kọ́ ohun tí kì í ṣe òtítọ́, yóò sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Àìsàn tí a kò mọ ìdí rẹ̀ sì lè padà wá lórí òkè ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní òru, pẹ̀lú ọmọdé nínú ọkọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, ‘Ọ̀gbẹ́ni, kí ọkọ̀ ṣáà ti rìn, kò ha tó?’ Ìtàn òjé fi hàn pé kò tó. Ní 1921, Thomas Midgley, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí i pé bí a bá fi òjé sínú epo bẹtiróòlù, ìró kíkàn bí òòlù tí ń dún nínú ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́. Ní 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní 1924 ni àwọn òṣìṣẹ́ kan kú ní New Jersey nítorí májèlé rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé ìró dákẹ́, ayé ń lò ó lọ, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ alágbára àwọn ọdún 1960 sì ń mu ún bí omi, bẹ́ẹ̀ ni òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìparí 2005 ni ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tó jáwọ́ nínú rẹ̀; ní 2021 ni Àlùjíríà, tí ó kẹ́yìn gbogbo ayé, tó fi í sílẹ̀. Àmì tí ó dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ara ti dá.

Ṣùgbọ́n kí á má di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Dídá àbá kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ìmọ̀ tí kì í ti ara àbá bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí a sọ àbá ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Àwa olówó ọkọ̀ pàápàá ní ìpín nínú ọ̀ràn yìí. A máa ń san owó ohun tí a pààrọ̀, a sì máa ń san owó ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá lo òwúrọ̀ títí di ọ̀sán láti wá ìdí àìsàn, tí ó sì rí i pé wáyà lásán ni, a ó bi í pé kí ni ó ṣe tí ó fi ń gba owó. Ẹni tí a kò fẹ́ sanwó ìwádìí fún yóò kọ́ láti fi owó ìwádìí pamọ́ sínú owó kabúrétọ̀. Àwa ni a kọ́ ọ.

Èrò tèmi ni pé gbèsè òtítọ́ wà lọ́rùn ẹgbẹ́ méjèèjì. Kí oníṣẹ́ ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀: ‘mo gbọ́,’ ‘mo rò,’ ‘mo ti dán an wò, mo sì mọ̀.’ Kí oníbàárà sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá sọ pé, ‘N kò tíì mọ̀, ẹ fún mi láyè,’ ju ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá lọ. Ohun tí ó tọ́ nídìí ẹ́ńjìnnì náà ni ó tọ́ nídìí àìsàn ara, nídìí ìjà tọkọtaya, àti nídìí ọmọ tí a pè ní olódo kí a tó wo ohun tí ó dí i lójú ìwé. Ikán tí ó dá àbá lórí òkúta, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àbá, kí ó má fi owó àti ẹ̀mí ẹlòmíràn dán an wò láìsọ fún un.