Àgbà Tí Kò Rí Ẹni Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ní agboolé àwọn Nàgó, ẹ̀yà Yorùbá kan ní Sakété àti Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, ìkíni àárọ̀ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ọmọdé á sì ti tẹ̀ ba fún ẹni mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó fọ ẹnu tán. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni ìtẹ̀ba ń dín kù. Ẹni ogún ọdún ń dọ̀bálẹ̀ fún ìdajì àdúgbò. Ẹni ọgọ́ta ọdún ń fojú wá àwọn ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ènìyàn bá fi pé ọgọ́rin, òun ni gbogbo ilé ń wólẹ̀ fún, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí ẹni wólẹ̀ fún mọ́.

Iyì ńlá ni. Àmọ́ iyì ọ̀hún gbé ìbéèrè kan dání tí kì í ṣe ti dókítà nìkan, tó kan onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti onífá pẹ̀lú: ṣé ìsinmi ni èrè ọjọ́ ogbó, àbí àgbà ṣì jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè ìrìn?

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìyá àgbà bá mú ìgbálẹ̀. Kó tó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó ilé ti sáré dé. “Háà, ìyá, ẹ fi sílẹ̀! Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wí nípa mi? Ẹ lọ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá á kọ́kọ́ jampata pé ọwọ́ òun kò tíì kú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́la, wọ́n á gba garawa omi. Lọ́túnla, ọmọ á ní kó má fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà mọ́, alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan ni kó máa gùn. Kò sí ẹni ibi nínú wọn. Ìyàwó ilé ń sá fún ẹ̀gàn, ọmọ ń san oore ọmú tó mu, ìyá sì ń jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìjókòó á fi mọ́ ìyá lára, tí ìdìde á sì di ohun tí wọ́n ń pe ènìyàn méjì sí.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí pé kádàrá ló ni ẹ̀mí gígùn. Ta ni kò mọ ìtàn Oríṣèékú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí? Ẹni tó bá yan orí rere, ọjọ́ ogbó wà nínú ẹrù tó gbé wá sáyé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò pẹ́ á pẹ́, ì báà rìn, ì báà jókòó.

Ṣùgbọ́n Ifá kò dá orí nìkan sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó tẹ ìwé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, fi yé àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ní ipò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Orí ló ni ìpín. Akitiyan ẹsẹ̀ ló ń gbé ènìyàn débi tí ìpín náà wà. Ìtàn kan wà nínú Ifá tí àwọn orí fi ṣe ìpàdé tí wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ wọn kò lójú títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Ẹni tó bá ń fi orí ṣàlàyé ìjókòó rẹ̀, apá kan ọ̀rọ̀ Ifá ló mú.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má yára bú àwọn tó ń ní kí àgbà jókòó. Ilẹ̀ iṣẹ́ ni Plateau, ẹkùn tí Pobè jẹ́ olú-ìlú fún. Ní 1922 ni àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Tipẹ́ kí wọ́n tó dé ni ẹsẹ̀ obìnrin ti ń fọ́ ẹyìn: wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú ẹkù, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí ẹran ẹyìn yóò fi bọ́ lára ekùrọ́ tí epo yóò sì léfòó. Àwọn ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ. Wọ́n ń fi ọkọ́ kọ ebè nínú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ará ẹkùn náà, ilẹ̀ tó máa ń di ẹrọ̀fọ̀ lójò, tó sì máa ń sán kànkà lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó fi ogójì ọdún ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí egungun ẹ̀yìn ń ro, ta ni yóò gbójú lé e pé kó lọ ṣe eré ìdárayá? Lójú tirẹ̀, ìjókòó ni òmìnira.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbè é lẹ́yìn dé àyè kan. Ní 2018, Pieter Coenen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 17 jọ, èyí tó kan ènìyàn tó lé ní 190,000. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn ọkùnrin, ewu ikú àìtọ́jọ́ fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ń lo agbára gan-an ju àwọn tí iṣẹ́ wọn rọrùn lọ. Àlàyé tí àwọn olùwádìí máa ń ṣe ni pé ẹrù wíwúwo láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí àyè ìsinmi tó tó, ń jẹ ara ni. Ìrìn tó mọ níwọ̀n, tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí ìyẹn sì ti pẹ́. Ní 1953, Jeremy Morris gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ kan náà ni dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ wà, ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó pa, kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò já tíkẹ́ẹ̀tì. Àrùn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ńdọ́ tó bó ṣe mú àwọn dírẹ́bà. Fún àwọn arúgbó gan-an, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 lórí ènìyàn 1,635 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 70 sí 89, tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wúwo. Apá kan ń rìn, wọ́n sì ń ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun. Apá kejì ń gbọ́ àlàyé nípa ìlera. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, àwọn tí kò lè rin 400 mítà mọ́ kéré láàárín àwọn tó ń rìn: ewu náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ilé ìsìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn. Ayé ti gbé àgbà kúrò nílẹ̀. Ọlọ́run kò gbé e kúrò. Ní mọ́ṣáláṣí, bàbá tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún á fi iwájú orí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Rákà 17 ló wà nínú ìrun ọ̀ranyàn márùn-ún ojúmọ́, ìforíkanlẹ̀ méjì sì wà nínú rákà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 34 ni orí àgbà ń kanlẹ̀ lójoojúmọ́, láìka nàfílà. Nínú Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ Sakété, ní 1947, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á forí kanlẹ̀. Ní ojúbọ òrìṣà, ọkùnrin á na gbalaja, obìnrin á yíkàá, ì báà jẹ́ ìyálóríṣà àgbà. Níwájú Ẹlẹ́dàá, ọmọdé ni gbogbo wọn.

Ìlọsílẹ̀ àti ìdìde yẹn gan-an ni Claudio Gil Araújo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n ní Brazil. Wọ́n ní kí ènìyàn 2,002, láti ẹni ọdún 51 dé ẹni 80, jókòó sílẹ̀ kí wọ́n sì dìde, kí wọ́n má fi ọwọ́ tàbí orúnkún ti ara wọn bó bá ṣeé ṣe. Nínú àbájáde tó jáde ní 2012, àwọn tí ìdìde ṣòro fún ló kú jù ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdìde ló ń fún ni lẹ́mìí. Àmì ni: ó ń fi iye agbára tó kù nínú iṣan hàn, àti bóyá ara ṣì lè dúró láìta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Àlùfáà lè bínú sí èyí, yóò sì ní ìdí. Ìrun kì í ṣe eré ìdárayá. Ẹni tó bá kí i nítorí orúnkún nìkan ti ba èròńgbà rẹ̀ jẹ́. Pọ́ọ̀lù náà kọ̀wé sí Tímótì pé èrè díẹ̀ ni ìdárayá ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà-bí-Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kókó ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a sọ mọ́ṣáláṣí di pápá ìṣeré. Ọgbọ́n tí ẹ̀sìn fi ń yọ̀ǹda ìsinmi ni ká yẹ̀ wò. Nígbà tí Imran ọmọ Husayn, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ń ṣàìsàn, Ànábì ní kó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó. Bí kò bá tún lè ṣe ìyẹn, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìdẹ̀ra náà tẹ̀ lé agbára. Kò sí iye ọdún nínú rẹ̀. Ìdẹ̀ra ti agboolé, ọdún ló ń kà: bí irun bá ti funfun, kí ara le, kí ara má le, àga ti dé.

Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo aráyé, ní tirẹ̀ láti sọ. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń fi í bọlá fún. Ọkùnrin tó gbé igi gbígbẹ́ lérí, tí irin ń ró lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣi ìlù gbọ́ níṣojú wọn. Èrò ẹni tó ń wòran lè jẹ́ pé wọ́n ń jó kí ìyá lè jókòó. Ṣùgbọ́n irú agbára wo ni wọ́n ń bẹ̀? Ìgbàgbọ́ àwọn abọ̀rìṣà ni pé àwọn ìyá ló ni ọjà, pé wọ́n lè di ẹyẹ, kí wọ́n fò lóru. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù wọn nítorí ìjókòó.

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 rìn tàbí ṣe ohun tó jọ ọ́ lọ́sẹ̀, kó sì máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun àti èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Èyí kò béèrè owó ní Pobè. Ọmọ tó fẹ́ bọlá fún ìyá rẹ̀ lè gba garawa omi kó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó lè bá a rìn lọ sọ́jà, kó sì bá a ru ẹrù bọ̀. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá sórí ẹní kò sí nínú ẹjọ́ yìí; ìtọ́jú ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó le níbẹ̀ ni ẹnu ará àdúgbò, ọ̀dọ̀ àwọn tó lè pa ẹnu náà mọ́ ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: lémọ́mù, wòlíì, olúwo, ìyálé. Bí ìyálé bá wí lójú gbogbo ilé pé òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ṣe é, ẹ̀gàn ìyàwó ilé ti parí. Lémọ́mù ní tirẹ̀ ń rí àwọn tó ń kírun lórí àga ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó mọ̀ wọ́n ní orúkọ, ó sì lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan béèrè bóyá orúnkún ló ní kó jókòó tàbí àwọn ọmọ rẹ̀.