ỌJỌ́ OGBÓ ÀTI ÌFẸ̀YÌNTÌ ÒṢÌṢẸ́



Ìwé Númérì, orí 8, ẹsẹ 24 dé 26, ni a ó gbé yẹ̀ wò l'óṣù yìí.

Ogbó ní ẹ̀rín tirẹ̀. Àwa tí a ń gun òkè lọ sí ìsìn ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè a máa wí pé òkè náà ti ga ju ti àtijọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òkè kò dàgbà, orúnkún wa ni ó dàgbà. Ní Ìjerò àti Arámọkọ, a kò ṣàì rí ẹni tí ó ní ọjọ́ orí méjì: ti ọ́fíìsì kéré, kí a má baà ní kí ó lọ sílé, ti ìdílé pọ̀, kí oyè má baà fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n ewú kò mọ ìwé kà.

Iṣẹ́ ìjọba ní òpin: 60 ọdún l'ọ́jọ́ orí, tàbí 35 ọdún l'ẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ti olùkọ́ dé 65 tàbí 40. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ ní 1996, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ti lè ka ọdún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí ó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Njẹ́ èéṣe tí ìwé náà fi ń bá wa lójijì bí ẹni tí olè ká mọ́lé?

Ẹ wo àwọn ọmọ Léfì. Ní ẹni 25 ọdún ni wọn ń wọ iṣẹ́ àgọ́. Ní ẹni 50 ni wọn ń dẹ́kun iṣẹ́ líle. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò lé wọn jáde: wọn a máa ran àwọn arákùnrin wọn lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú àgọ́. A sọ ẹrù wọn kalẹ̀, a kò gba ipò wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a múra. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété náà ní ọmọ tirẹ̀ tí ó ń fún l'ọ́mú. Ní 2011 ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó aláìní tí wọ́n ti pé 65 ní 5,000 náírà l'óṣù. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Àgbẹ̀ kòkó kì í dúró di ọjọ́ ebi kí ó tó gbin igi tí yóò lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Kí olùkọ́ tí ó pé 50 fi díẹ̀ pamọ́ l'óṣooṣù, kí ó parí ilé kékeré dípò kí ó fi ìpìlẹ̀ ńlá sílẹ̀ fún koríko, kí ó sì wá iṣẹ́ fífúyẹ́ tí yóò ṣe nínú ìjọ.

Kí Olúwa jẹ́ kí a gbó, kí a tọ́, kí a sì lè máa fi ara wa rẹ́rìn-ín. Àmín.