Ọ̀dà Kì í Wo Igi Jíjẹrà Sàn

Bàbá wa fi ọkọ̀ ìpẹja oní-fiberglass kan sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ tún un ṣe, kí n tà á. Fiberglass kì í jẹrà, àmọ́ pákó inú ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ sí, máa ń jẹrà bí omi bá ráyè wọ̀ ọ́. Mo fi òòlù kan ibẹ̀, ó dún bọ̀ọ̀.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà kùn ún lọ́dà. Ta ló máa mọ̀?"

Ṣé dídákẹ́ kì í ṣe irọ́? Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, àṣìṣe tó sápamọ́ lónìí, a lè tún un ṣe lọ́la. Ẹni tó bá rì sínú ọ̀sà kò ní ọ̀la. Mo gé e, mo pààrọ̀ pákó. Èrè tí mo jẹ kò tó nǹkan, àmọ́ bí ìjì bá ń jà, mo ń sùn.