Ta ni Ọmọnìkejì Mi?

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìrìbọmi,

Amòfin kan bi Jésù Olúwa wa léèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì rẹ̀. Olúwa kò dárúkọ ẹ̀yà kankan fún un. Ìtàn ará Samáríà kan ni ó sọ, ẹni tí ó ṣàánú ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù bolẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà (Lúùkù 10, 25-37). Ẹ jẹ́ kí a wo irú rẹ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939-1945), àwọn ènìyàn ní Yúróòpù fi àwọn ọmọ-ogun òfúrufú tí ọkọ̀ wọn já bọ́ pamọ́ fún àwọn ará Jámánì. Ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ni èrè ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú. Ewu kan náà wà ní Bọ́mà, ní Éṣíà, níbi tí àwọn ará Japan ti gba ilẹ̀. Ibẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, bá ogun Gẹ̀ẹ́sì dé, nínú ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Isaac, kò sì lè rìn mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó kù nínú igbó.

Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman rí wọn. Kì í ṣe ará ìlú wọn, èdè wọn kò pa pọ̀, wọn kò sì ní ohun tí wọn lè fi san oore. Síbẹ̀ ó gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀ níkẹyìn, láàárín aya àti ọmọ rẹ̀, títí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù kejìlá. Isaac padà sílé, ó sì wà láàyè títí di ọdún 2012.

Ìbéèrè: Bí Mùsùlùmí bá lè ṣe báyìí, kí ni Ìrìbọmi wà fún?

Ìdáhùn: Ìrìbọmi wẹ̀ wá mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀, ó sọ wá di ọmọ Ọlọ́run àti ẹ̀yà ara Kristi. A kò gbà á láti máa fojú tín-ín-rín ẹlòmíràn. Ní ọdún 1965, Àpéjọ Vatican Kejì kọ́ wa pé Ìjọ bọ̀wọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbọ́ Ìhìnrere mọ̀ pé Kristi fúnra rẹ̀ ni àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn (Mátíù 25, 31-46). Bí a bá mọ̀ ọ́n, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀bi wa pọ̀ jù.

Ní Pobè àti ní Sakété, agbo ilé kan náà ni bàbá tí ń kírun, ìyá tí ń bọ òrìṣà àti ọmọ tí ń kọ́ katekísìmù ń gbé. Àwọn kan rò pé kíkọ ẹbí sílẹ̀ ni ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Rárá o. Ẹ kọ òrìṣà, ẹ má ṣe kọ òbí yín. Kí ẹ tó dé ibi omi Ìrìbọmi, ẹ lọ kí ẹni tí ẹ ti ń yàn lódì nítorí ẹ̀sìn, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o gbà wá nígbà tí a jẹ́ àlejò, la ilẹ̀kùn ọkàn wa. Àmín.