Páálí Bàtà Méjì

Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi. Ìkómọ la lọ ṣe ní Chicago, nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìrẹsì ti dórí tábìlì, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọmọ Yorùbá mẹ́ta bá ti jókòó pọ̀. Ẹnì kan ní olè làwọn aṣòfin wa nílé. Ọkùnrin kan tó kọjú sí mi, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé Illinois, rẹ́rìn-ín, ó ní olè tiwa ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ló bá mú ìtàn Paul Powell, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki baba rẹ̀. "Bàbá yẹn gbọ́n jù! Inú páálí bàtà ló kówó sí, wọn ò sì rí i mú títí tó fi kú." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu mi korò bí ewúro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí ò gbọ́ rí. Vienna ni wọ́n ti bí Powell, ìlú kékeré kan ní gúúsù Illinois. Ìbò ọdún 1934 ló gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, ó sì lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Ó ṣe Abẹnugan láti 1949 sí 1951, ó tún padà sórí àga yẹn láti 1959 sí 1963. Lọ́dún 1961, àwọn Republican ló pọ̀ jù nínú ilé, síbẹ̀ Powell tó jẹ́ Democrat ni wọ́n tún yàn. Ẹ ò rí i pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1965 ó di Akọ̀wé Ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì tó ń fún gbogbo ọkọ̀ ní nọ́ńbà. Oṣù October 1970 ló kú. Wọ́n tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó ogún rẹ̀ ṣí yàrá tó ń gbé ní òtẹ́ẹ̀lì St. Nicholas ní Springfield. Owó tó tó 800,000 dọ́là ló wà níbẹ̀ ní bébà, nínú páálí bàtà, nínú àpótí, nínú báàgì. Wọ́n tún bá páálí wísíkì 49, rédíò 14, àti páálí àgbàdo alágolo méjì. Àgbàdo yẹn ló ń dùn mí jù. Kí lẹni tó ní irú owó yẹn fẹ́ fi àgbàdo inú agolo ṣe? Owó iṣẹ́ Powell kò kọjá 30,000 dọ́là lọ́dún rí. Bó bá jẹ́ pé kò ra búrẹ́dì, tí kò ra bàtà tó ni páálí yẹn pàápàá, á fẹ́ẹ̀ tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó rí i kó jọ.

Wọ́n kọ́ wa ní ìwà ọmọlúàbí nílé: ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òótọ́, iṣẹ́, akínkanjú, ọpọlọ pípé. Ọpọlọ Powell pé, mo gbà. Ó lákínkanjú. Ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀: bí àǹfààní bá ti ń bọ̀, òun ni yóò máa sọ pé òórùn ẹran tó ń jinná ti ń ta sí òun nímú. Gbogbo ìyẹn ò jámọ́ nǹkan kan lójú mi, torí ìtìjú ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tójú kò bá lè tì, kí ló kù tí kò lè ṣe?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Ọkùnrin yẹn dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó kúkú fi pamọ́. Ṣé ojú ò tì í nìyẹn?" Rárá o, ìbẹ̀rù nìyẹn. Olè tó gba ojú fèrèsé wọlé ń bẹ̀rù ajá, kò tijú onílé. Ẹni tójú ń tì, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan olóhun lojú ti ń tì í. Ìgbà tó bá jí i tán lẹni tó ń bẹ̀rù ń wá kọ́lọ́fín. Bí ẹ bá sì rò pé mo ń parọ́ mọ́ Powell, ẹ wo ti ṣẹ́ẹ̀kì. Nígbà tó wà ní Akọ̀wé Ìpínlẹ̀, orúkọ Paul Powell làwọn ènìyàn ń kọ sórí ṣẹ́ẹ̀kì owó nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Wọn ò kọ Ìpínlẹ̀ Illinois, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé.

Èmi náà mọ páálí bàtà. Ìyá mi ń gba àjọ lọ́jà wa ní Ìkirè, inú páálí bàtà bàbá mi ló ń kó o sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ̀wé kọ. Aṣọ ló fi ń di owó obìnrin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á wá so àmì mọ́ ọn: ata gbígbẹ kan fún ìyá aláta, ìyẹ́ funfun fún aládìyẹ, òwú fún aláṣọ. Mo tú ìdì aláta lọ́jọ́ kan, mo mú tọ́rọ́ kan, mo fi ra àkàrà. Ìyá mi ò lù mí. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́jà, ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹni tó lowó. Mo kúnlẹ̀ sáàárín ata, ẹnu mi ò ṣí. Àwọn obìnrin dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo ti di bàbá arúgbó báyìí, bí mo bá rí ata gbígbẹ nínú igbá, mo ṣì máa ń gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n ní Powell ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó dáa, ó ṣe é. Agbègbè tí ìyà ń jẹ ni gúúsù Illinois, ó sì wà lára àwọn tó jà kówó ìjọba lè dé yunifásítì tó wà ní Carbondale. Ó tún ṣètò kí owó orí eré ẹṣin máa lọ síbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ìpín nínú iléeṣẹ́ eré ẹṣin, òfin eré ẹṣin sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń bu ọbẹ̀ fún ará ilé, ó ń kó ẹran sápò.

Kò sílé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi rí. Wọ́n kọ ọ́ sórí ibojì rẹ̀ ní Vienna pé Democrat ni títí tó fi kú. Ẹgbẹ́ tó ṣe ni wọ́n kọ. Ìwà ò sí lórí òkúta yẹn.

Oṣù tó ń bọ̀ lẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Chicago yóò dìbò yan akápò. Ọkùnrin tó sọ ìtàn yẹn ń du ipò náà. Èmi ò ní dìbò fún un.